Bí ẹ ṣe lè kúrò lórí Raspberry Pi àtijọ́ bọ́ sórí Pi 5 láìdá iṣẹ́ ilé dúró

Bí a bá fa gbùrù, gbùrù a fa igbó. Ẹni tó bá fẹ́ fi Pi 5 rọ́pò Raspberry Pi 3 tàbí Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, tó ń bá a ṣiṣẹ́ nílé yóò rí i pé bọ́ọ̀dù nìkan kọ́ ló ń pààrọ̀. Ṣájà àtijọ́ kò ní tó, àpótí àtijọ́ kò ní gbà á, okùn kámẹ́rà kò ní wọ ihò rẹ̀, ètò Python tó ń wo omi inú táǹkì yóò sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó le nínú wọn bí èèyàn bá ti mọ̀ ṣáájú. Ìyà ibẹ̀ ni kéèyàn ti tú ti àtijọ́ palẹ̀ kó tó mọ̀.

Ẹni tó ti ní Pi tó ń ṣiṣẹ́ nílé ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé Pi-hole ló wà lórí ẹ̀ tó ń dí ìpolówó ọjà lọ́nà, ó lè jẹ́ Home Assistant tó ń darí iná àti pọ́ǹpù, tàbí ètò tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ. Ìlànà kan ni mo dì mú: ti àtijọ́ á máa ṣiṣẹ́ lọ títí ti tuntun yóò fi dúró ṣinṣin. Orí rẹ̀ ni mo to gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí lé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wádìí ohun tó ń ṣe ti àtijọ́

Kí ẹ tó náwó, ẹ wọlé sórí Pi tó wà nílẹ̀, kí ẹ tẹ àṣẹ mẹ́ta yìí:

cat /proc/device-tree/model
free -h
vcgencmd get_throttled

Èkíní á sọ irú bọ́ọ̀dù tí ẹ ní gan-an, èyí tó wúlò fún ẹni tó ra tòkunbọ̀. Èkejì á fi mẹ́mórì hàn. Ẹ wo ìlà Swap, ààyè ibi ìpamọ́ tí Pi ń yá lò bí mẹ́mórì kò bá tó: bí èyí tó wà lábẹ́ "used" níbẹ̀ bá pọ̀, mẹ́mórì ti kún. A kò lè fi mẹ́mórì kún ti Pi, nítorí wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù láti iléeṣẹ́. Ìdí gidi láti ra tuntun nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Bí ó bá dá "throttled=0x0" padà, iná rẹ̀ dáa. Bí ó bá jẹ́ 0x50000, volt ti lọ sílẹ̀ rí láti ìgbà tí ẹ ti tan Pi náà, ó sì ti dín eré rẹ̀ kù nítorí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ṣájà àti okùn rẹ̀, kí ẹ lò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́pọ̀ ìgbà tí èèyàn bá ní Pi òun ti ń lọ́ra, iná tí kò tó tàbí káàdì tó ti gbó ló fà á, kì í ṣe bọ́ọ̀dù.

Bí Pi-hole nìkan ni Pi 3 yín ń ṣe, ẹ fi owó yín pamọ́. Bọ́ọ̀dù tó jáde lóṣù Kejì 2016 yẹn, pẹ̀lú mẹ́mórì 1GB tó ní, ṣì tó iṣẹ́ náà dáadáa, iná tó sì ń jẹ kéré sí ti Pi 5. Bí ó bá sì jẹ́ pé fíìmù lẹ fẹ́ máa pín kárí ilé pẹ̀lú Jellyfin, Pi 5 kọ́ ni mo máa ní kí ẹ rà. Kò ní ẹ̀yà ara tó wà fún títú H.264, ọ̀nà tí wọ́n fi ń di ọ̀pọ̀ fídíò pọ̀, tàbí kíkó o pọ̀; CPU rẹ̀ ló ń fi agídí ṣe é. Kọ̀ǹpútà kékeré tòkunbọ̀ tó ní Intel nínú yóò ṣe iṣẹ́ yẹn jù ú lọ.

Àmọ́ bí ẹ bá ń lo Home Assistant pẹ̀lú kámẹ́rà, tàbí tí ẹ ń kó ètò inú Docker márùn-ún mẹ́fà lé ara wọn, ẹ̀yin gan-an ni Pi 5 wà fún. Ó jáde ní 2023 pẹ̀lú ọpọlọ Cortex-A76 mẹ́rin tó ń sáré ní 2.4GHz, nígbà tí Pi 4 ti 2019 ń lo Cortex-A72 ní 1.5GHz. Ó ní bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án àti tí a fi ń pa á, ó ní aago tirẹ̀, ó sì ní ojú PCIe tí a lè so NVMe, díìsìkì kékeré tó yára, mọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ra bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ohun tó máa bá a rìn

Mẹ́mórì 4GB tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ju méjì lọ ni mo máa ní kó ra 8GB. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, dọ́là 60 ni 4GB, dọ́là 80 ni 8GB, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n mẹ́mórì lágbàáyé ti gbé owó náà sókè láti ìparí 2025. Nítorí náà, ẹ má ra mẹ́mórì tí ẹ kò ní lò.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣírò owó, ẹ fi ìwọ̀nyí kún un. Àpótí Pi 4 kò ní gba Pi 5, nítorí ojú USB àti ti okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti pààrọ̀ ààyè. Fáànù ṣe dandan nínú ooru ilẹ̀ wa. Active Cooler tí iléeṣẹ́ náà ń tà kì í wọ́n, ó ní ojú tí a ń kì í bọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, Pi fúnra rẹ̀ ló sì ń pinnu bí yóò ṣe yára tó. Okùn kámẹ́rà ti Pi 5 tín-ín-rín ju ti Pi 3 àti Pi 4 lọ: píìnì 22 ló ní, ti àtijọ́ ní 15. Ẹni tó ń bọ̀ láti orí Pi 3 nílò okùn micro HDMI tàbí ẹnu àfikún rẹ̀. Ihò tí a ń ki yíà písì sí kò sí lórí Pi 5 rárá, nítorí náà ẹni tó ń fi Pi gbọ́ orin gbọ́dọ̀ ra èyí tó ń lo USB.

Ẹ ra káàdì microSD tuntun pẹ̀lú. Ẹ má ṣe pa ti àtijọ́ rẹ́ láti fi dín owó kù. Káàdì yẹn ni ẹ̀rí pé ilé yín yóò padà sípò bí nǹkan bá yíwọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tún ọ̀nà iná ṣe

Ibí ni mo máa pẹ́ sí jù, nítorí ibẹ̀ ni owó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò jù.

Pi 5 fẹ́ volt 5 pẹ̀lú amp 5. Ṣájà tí wọ́n ṣe fún un jẹ́ watt 27, ó sì ń gbé 5.1V jáde ní 5A. Ẹlòmíì á ní, "Mo ní ṣájà láptọ́ọ̀pù watt 65 nílé, ṣebí 65 ju 27 lọ?" Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ṣájà bẹ́ẹ̀ bá wà lórí volt 5, amp 3 ló sábà máa ń mú wá. Orí volt 9, 15 tàbí 20 ló ti ń rí watt 65 tí wọ́n kọ sí i lára, Pi kì í sì í gbà ju volt 5 lọ. Pi 5 á tàn lórí amp 3, ṣùgbọ́n yóò dín iná tí gbogbo ojú USB rẹ̀ ń fún nǹkan kù sí 600mA lápapọ̀. Díìsìkì tí ẹ so mọ́ ọn á máa tàn, á máa kú, ẹ̀yin á sì máa bínú sí díìsìkì tí kò ṣẹ̀. Ẹ ra ṣájà watt 27 yẹn lọ́wọ́ ẹni tó lè fún yín ní rìsíìtì, torí ayédèrú ṣájà pọ̀ lọ́jà.

Ní Ìbàdàn, Ọ̀ṣogbo tàbí Èkó, ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí Pi ń kọ nǹkan sórí káàdì lọ́wọ́, káàdì lè bàjẹ́. Bí ilé yín bá ní ìńfátà, orí ìlà tí ìńfátà ń gbé ni kí Pi wà. Mini UPS tí ọ̀pọ̀ ilé ń so mọ́ router kò ní tó o, torí ojú volt 5 tó wà lára wọn sábà máa ń jẹ́ amp 2 tàbí 3.

Ẹni tó ní bátìrì sólà volt 12 lè gbé iná tààrà láti ara rẹ̀, kò nílò ìńfátà. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń sọ volt 12 di volt 5, buck converter ni àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara rédíò ń pè é. Ẹ yan èyí tó lè gbé amp 5 fún ìgbà pípẹ́ láìgbóná, kí ẹ sì fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Kí ẹ tó so Pi mọ́ ọn, ẹ fi mítà wọn volt tó ń jáde. 5.1V ni ká fẹ́. Bí ó bá ju 5.25V lọ, ẹ má so ó.

Irú iná bẹ́ẹ̀ kò lè bá Pi sọ̀rọ̀ láti sọ fún un pé amp 5 ni òun. Pi á kà á sí ṣájà kékeré, á sì dín iná USB kù. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Bí Pi 5 bá ti tàn, ẹ tẹ

sudo rpi-eeprom-config --edit

kí ẹ fi ìlà PSU_MAX_CURRENT=5000 kún un, kí ẹ tọ́jú u, kí ẹ sì tún Pi tàn. Ìlà yìí kò sọ iná aláìlágbára di alágbára. Bí ẹ bá parọ́ fún Pi níbẹ̀, níbi tí iṣẹ́ bá ti le lá ti kú.

Ìṣirò bátìrì kò ṣòro. Bí Pi 5 bá ń sinmi, bíi watt 3 ló ń jẹ. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó lè kọjá watt 7. Ẹ jẹ́ ká mú watt 4. Bátìrì volt 12 tó jẹ́ 7Ah ní 84Wh nínú, ṣùgbọ́n bátìrì olómi-ásíìdì (lead-acid) tí a bá ń gbẹ ju ìdajì lọ kì í pẹ́ láyé, nítorí náà 42Wh la ní. Bí a bá yọ èyí tí ẹ̀rọ volt 5 yóò jẹ kúrò, ó ku bíi 36Wh. Wákàtí mẹ́sàn-án nìyẹn, ó tó láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀ bí NEPA bá gbé iná lọ.

Aago náà kan ọ̀rọ̀ iná. Pi àtijọ́ kò ní aago. Bí iná bá lọ tí íntánẹ́ẹ̀tì náà sì lọ, Pi á jí láìmọ ọjọ́ tí a wà, pọ́ǹpù tí ẹ ní kó ṣiṣẹ́ ní agogo mẹ́fà àárọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Pi 5 ní aago nínú, àmọ́ ó nílò bátìrì tirẹ̀ láti máa kà á lọ nígbà tí iná kò bá sí rárá. Ẹ ra èyí tí iléeṣẹ́ náà ń tà fún un, tó ṣeé gba iná sí. Gbígba iná sí i ti wà ní pípa láti ilé. Ìlà yìí nínú /boot/firmware/config.txt ló ń ṣí i:

dtparam=rtc_bbat_vchg=3000000

Bí bátìrì tí ẹ fi sí i bá jẹ́ CR2032 lásán, ẹ má kọ ìlà yẹn rárá. Kò yẹ kí iná wọ irú bátìrì bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kó ẹrù jáde lára ti àtijọ́

Lórí Pi àtijọ́, ẹ tẹ ìwọ̀nyí kí àkọsílẹ̀ wà:

crontab -l > ~/crontab.txt
apt-mark showmanual > ~/awon-eto.txt
pip3 freeze > ~/python.txt

Ẹni tó ń lo Pi-hole, ẹ kọ́kọ́ mú un dé ìpele tuntun jù, kí ẹ tó lọ sí Teleporter nínú Settings rẹ̀ láti gba fáìlì rẹ̀ jáde. Bí ti àtijọ́ àti ti tuntun bá wà ní ìpele kan náà, fáìlì náà á wọlé láìsí wàhálà.

Ẹni tó ń lo Home Assistant, ẹ ṣe backup nínú Settings, System, Backups, kí ẹ sì gbà á sórí láptọ́ọ̀pù. Láti 2025 ni wọ́n ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ti backup náà pa. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá sọnù, fáìlì yẹn kò wúlò fún yín mọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ Raspberry Pi OS sórí káàdì tuntun

Ẹ má yọ káàdì Pi 3 kí ẹ kì í bọ Pi 5. Pi 5 kì í lo Raspberry Pi OS (ètò ìpìlẹ̀ Pi) tó ṣáájú ẹ̀dà Bookworm, èyí tó jáde lóṣù Kẹwàá 2023. Iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò sì gba èèyàn níyànjú láti gbé ti àtijọ́ gorí tuntun lórí káàdì kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ ṣí Raspberry Pi Imager lórí láptọ́ọ̀pù, kí ẹ yan Pi 5, lẹ́yìn náà Raspberry Pi OS ti 64-bit, lẹ́yìn náà káàdì. Bí ó bá béèrè bóyá ẹ fẹ́ ṣètò rẹ̀, ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ni: orúkọ Pi, orúkọ ìwọlé àti páswọ́ọ̀dù, Wi-Fi, kí ẹ sì tan SSH, ọ̀nà tí ẹ fi ń wọlé sórí Pi láti orí láptọ́ọ̀pù. Láti 2022 ni kò ti sí orúkọ "pi" tó ń wá fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹ fún un ní orúkọ tó yàtọ̀ sí ti àtijọ́, nítorí àwọn méjèèjì máa jọ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúngbà díẹ̀. Ẹni tó ń lo Home Assistant OS á yan òun nínú Imager dípò Raspberry Pi OS, ti Pi 5 gan-an.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ tàn án, ẹ wo ara rẹ̀

sudo apt update && sudo apt full-upgrade
sudo rpi-eeprom-update -a
vcgencmd measure_temp
vcgencmd get_throttled

Ẹ tún un tàn lẹ́yìn èyí. Bí ìgbóná bá ń sún mọ́ 80°C nígbà tí kò sí iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wo bóyá fáànù ń yí. Ní 80°C ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gbé iṣẹ́ wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan

Pi-hole rọrùn: ẹ fi í sí i, kí ẹ fi Teleporter gbé fáìlì wọlé. Home Assistant náà rọrùn, ojú ìwé àkọ́kọ́ tó máa ṣí á béèrè bóyá ẹ ní backup. Bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ USB tó ń bá àwọn ohun èlò Zigbee (tí kò lo wáyà) sọ̀rọ̀, ojú USB 2 ni kí ẹ kì í bọ̀, pẹ̀lú okùn tó gùn díẹ̀, torí USB 3 máa ń da ariwo sí 2.4GHz tí Zigbee ń gbà.

Ètò tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ló fẹ́ sùúrù. Ẹ fà á wá láti ara ti àtijọ́ báyìí (ẹ fi àdírẹ́sì tiyín sí i):

rsync -av pi@192.168.1.50:/home/pi/ ~/ti-atijo/

Ohun mẹ́ta á yí padà. Àkọ́kọ́, /boot/config.txt ti di /boot/firmware/config.txt. Èkejì, bí ẹ bá ní kí pip3 gbé nǹkan wá, á fi "externally-managed-environment" dá yín lóhùn. Kì í ṣe àṣìṣe, ó fẹ́ kí ẹ ya ààyè sọ́tọ̀ fún ètò yín ni:

python3 -m venv --system-site-packages ~/tanki
~/tanki/bin/pip install requests

Ẹ má gbàgbé --system-site-packages, òun ni kò ní jẹ́ kí ètò yín pàdánù ohun tó ń bá píìnì (àwọn irin tí a ń so wáyà mọ́ lára Pi) sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọn píìnì fúnra wọn. Lórí Pi 5, chip kan tó ń jẹ́ RP1 ló ń darí wọn, kì í ṣe CPU mọ́. RPi.GPIO tí ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ ń lò kò mọ RP1, á kàn sọ pé "Cannot determine SOC peripheral base address", á sì dúró. pigpio náà kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ kò nílò kí ẹ tún ètò yín kọ:

sudo apt remove python3-rpi.gpio
sudo apt install python3-rpi-lgpio

Orúkọ kan náà ni ètò yín á máa pè, ẹlòmíì ni á máa dáhùn. Fún ètò tuntun, gpiozero ni mo fẹ́ràn. Ẹni tó ń fi HC-SR04 (ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn jíjìnnà) wọn omi táǹkì, ẹ ṣọ́ra: ojú Echo rẹ̀ ń mú volt 5 jáde, píìnì Pi kò sì fẹ́ ju 3.3V lọ. Ẹ tún fi resistor méjì pín in gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣe lórí ti àtijọ́. Ẹ ka ìwọ̀n náà ní ìgbà méje tàbí mẹ́sàn-án, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín, nítorí kíkà ẹyọ kan lè fò sókè láìnídìí, kò sì yẹ kí pọ́ǹpù dá dúró nítorí kíkà kan.

Ìgbésẹ̀ 8: NVMe, fún ẹni tó bá fẹ́

Home Assistant àti kámẹ́rà ń kọ nǹkan sórí káàdì tọ̀sán tòru, káàdì sì ń gbó. M.2 HAT+ tó jáde ní 2024 ń jẹ́ kí NVMe kékeré jókòó sórí Pi 5. Ẹ so ó nígbà tí Pi wà ní pípa, kí ẹ tàn án, kí ẹ fi SD Card Copier kó káàdì sórí rẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ yọ káàdì. Tí Pi kò bá rí káàdì, á lọ wá NVMe fúnra rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń fi pciex1_gen=3 kún config.txt kó lè yára sí i. Iléeṣẹ́ náà kò fọwọ́ sí eré yẹn fún Pi 5, ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ kí iná ẹnu ọ̀nà máa tàn lálaalẹ́ kò nílò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ti àtijọ́

Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì pa iná mọ́ ti tuntun ní ìgbà kan ó kéré tán láti wo bóyá yóò jí láìsí ìrànlọ́wọ́. Pọ́ǹpù ni kí ẹ má fi sọ́wọ́ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ti tuntun kọ́kọ́ máa ka omi nìkan, kó má pàṣẹ.

Bí ó bá ti dá yín lójú, ẹ tẹ sudo shutdown now lórí ti àtijọ́. Ẹ wọ inú router, kí ẹ fún ti tuntun ní àdírẹ́sì tí ti àtijọ́ ń lò. Ẹ ó nílò MAC rẹ̀ (nọ́ńbà tí router fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀), àṣẹ ip link ló ń fi í hàn. Báyìí, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n tó ń wá Pi-hole á bá a níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àdírẹ́sì IP tí ẹ ti kọ sínú dhcpcd.conf rí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, NetworkManager ló gba ipò rẹ̀, nítorí náà inú router ló dára jù ká ti ṣe é.

Ẹ fi Pi àtijọ́ àti káàdì rẹ̀ sínú àpótí kan náà fún oṣù kan. Bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín ìgbà náà, ẹ kàn máa so ó padà ni, kí ẹ sì dá àdírẹ́sì padà fún un. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ lè gbé Pi-hole padà sórí rẹ̀ kí Pi 5 lè gbájú mọ́ kámẹ́rà, tàbí kí ẹ fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ Python.